Kí Àjàṣẹ́ ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àjọṣe orílẹ̀-èdè tó ń lọ kàwé lókè òkun. Ó dára, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n lè kọ́ èdè Faransé. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà lórí ilẹ̀ ló ń fi èdè Faransé ṣiṣẹ́ ìjọba. ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1975 ń lò ó pẹ̀lú.

Oṣù mẹ́fà ni ọmọ mi obìnrin lò ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí à ń bọ̀, aṣọ́bodè kan dá ìyá alátòmátì dúró ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Wọn ò gbọ́ ara wọn. Ọmọ mi fi Faransé kí ọ̀gá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ṣàlàyé, ìyá sì gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọjá. Inú mi dùn gan-an! Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn yunifásítì wa fi èyí kún ẹ̀kọ́ wọn.

Tíṣà àgbà, Àgbádárìgì