Àjàní, má gba abẹ́rẹ́ yẹn

Àjàní ọmọ mi,

Mo ka ohun tí o kọ sí WhatsApp, pé ọ̀gbẹ́ni kan níbi tí ẹ ti ń ṣeré ìdárayá fẹ́ fún ọ ní abẹ́rẹ́ "thymosin", pé yóò wo iṣan itan rẹ, yóò sì lé ọ̀fìnkìn jìnnà. Má gbà á. Mo mọ̀ pé "má ṣe é" lásán kò tó ọ, nítorí náà gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yìn egungun àyà, lókè ọkàn, ni thymus wà, ẹ̀yà ara kékeré tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí thymosin. Tí èèyàn bá ti bàlágà, á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì T tó ń bá àrùn jà ti ń kọ́ṣẹ́; èyí tó bá fẹ́ dojú ìjà kọ ara olówó rẹ̀ kì í gba òmìnira. Ọdún 1961 ni Jacques Miller fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn: eku tí wọ́n yọ thymus rẹ̀ lẹ́yìn ìbí kò lè kojú àrùn.

Ṣùgbọ́n thymosin kì í ṣe ẹyọ kan. Thymosin alpha 1 ni wọ́n ń lò ní Ṣáínà fún àrùn mẹ́dọ̀wú B. Amẹ́ríkà tí o wà kò fọwọ́ sí i. Thymosin beta 4 ni wọ́n ń polówó fún iṣan tó fà, òun sì ni WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn àfidábírà nínú eré ìdárayá, kà léèwọ̀ fún eléré ìdárayá. Lọ bi àwọn agbábọ́ọ̀lù Essendon ní Ọsirélíà. "Thymosin" lásán ló wà nínú ìwé ìfọwọ́sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n buwọ́ lù ní 2012. Nígbà tó di 2016, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá fòfin de mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú wọn fún ọdún méjì. Ìwọ tí o fẹ́ sáré fún Nàìjíríà!

Thymulin, họ́mónù mìíràn láti inú thymus, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí síńkì. Ẹran màlúù àti ẹ̀wà ní síńkì dáadáa, nítorí náà yéé fi nudùù rọ́pò oúnjẹ alẹ́. Má sì lọ ra oògùn síńkì kó o máa dà á mì. Tó bá pọ̀ jù, á dín kọ́pà kù lára.

Bí ìgò rẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e fún dókítà ẹgbẹ́ yín lónìí, torí níní in lọ́wọ́ nìkan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin WADA. Kí ó yẹ itan rẹ wò nígbà kan náà. Pè mí tó o bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Ìyá rẹ ni.