Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu, orílẹ̀-èdè Benin, nítorí ṣọ́jà tó padà wálé

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjà o. Mo gbọ́ pé ọmọ bàbá wa kékeré ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, ó ti dé, ẹ sì ti pinnu láti fún un níṣẹ́ ní ìsọ̀ àgbàdo yín. Ẹ ṣeun. Àmọ́ wọ́n ní ẹnu ọ̀nà lẹ fẹ́ fi í sí, kó máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rù lóru. Ìyẹn ló mú mi kọ̀wé.

Àwa ọmọ Kétu mọ iyì ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú wa, ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ, ó ti di àṣà pé bí ẹni tó ti ṣe ṣọ́jà rí bá wá iṣẹ́ wá, àga oníke kan, tọ́ọ̀ṣì kan àti fèrè ni wọ́n máa nà sí i. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tó fi ogún ọdún ṣe ní bárékè. Iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí oorun rẹ̀ ti dà rú, tí ẹ tún wá fi sínú òkùnkùn lóun nìkan, kó máa tẹ́tí sí gbogbo ohun tó bá ró títí ilẹ̀ á fi mọ́, iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ náà lẹ tún gbé lé e lọ́wọ́, owó rẹ̀ ló kàn dín kù.

Kì í ṣe àwọn tó ń yìnbọn nìkan ló wà nínú ọmọ ogun. Dẹ́rẹ́bà wà níbẹ̀, mẹ́káníìkì wà níbẹ̀, àwọn tó ń dáná fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, àwọn tó ń tọ́jú ẹrù àti epo. Nítorí náà, ẹ pè é jókòó lọ́sàn-án nígbà tí èrò bá dín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ipò tó dé, torí pé ipò kò sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe fún yín. Ẹ bi í pé: èèyàn mélòó lo ń pín oúnjẹ fún? Ọjọ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ tó kí kàmíò tó padà wá? Ta ló ń fọwọ́ sí epo tó ń jáde? Bí ìṣirò bá dín, ta lo máa ń kọ̀wé sí? Ẹni tó bá dáhùn wọ̀nyí láìfi falẹ̀, ìdí òṣùwọ̀n àti ìwé ẹrù ni àyè rẹ̀ wà. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà tí àgbàdo ń gbà sọnù. Àpò 100 kílò tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100, tó bá gbẹ dé ìdá 13, kílò 92 ló máa kù. Ọmọ ìsọ̀ tó bá jí kílò 5 lé e lè ti gbogbo rẹ̀ sí oòrùn lọ́rùn. Ẹni tó ń wọn àpò bó ṣe ń wọlé, tó tún wọ̀n ọ́n kó tó jáde, tó kọ méjèèjì sílẹ̀, òun gan-an ni ìsọ̀ yín kò ní.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín kò gbọ́dọ̀ bi í láé: “Ṣé o ti pa èèyàn rí?” Kódà bí sódàbì (ògógóró) bá wà nílẹ̀ tí ẹ̀rín ń lọ.

Bó bá jẹ́ dẹ́rẹ́bà, ìwé ìwakọ̀ ológun nìkan kò tó láti fi wa kàmíò yín. Kó lọ sí ANaTT, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀, kó gba ti aráàlú kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Ẹ tún wo ibi tó ti ṣiṣẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìjọba ti kó ọmọ ogun lọ sí Àlíbórì àti Àtàkórà ní òkè àríwá lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Mirador. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, ṣọ́jà 54 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹni tó wakọ̀ lọ́nà tí wọ́n ti ń ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ lè máa wakọ̀ láàárín títì gan-an, kó sì yà bàrá nítorí àpò òfìfo tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Kò ya wèrè. Kó kọ́kọ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà míì fún ìrìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ sí Pobẹ̀ àti Kútọnu, kí ojú rẹ̀ tún mọ ọ̀nà.

Ẹnu wa ló máa kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ o. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Ní ojú ogun, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lè pa èèyàn. Bí ẹ bá sọ fún un pé “ilẹ̀ mà ti mọ́ tipẹ́,” tó sì jẹ́ pé ohun tó wà lọ́kàn yín ni pé kó ṣí ìsọ̀ ní aago 7, á dá yín lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ti mọ́. Á sì jókòó. Ẹ kọ ọ́ síwèé, ojú ìwé kan ti tó: aago tí ìsọ̀ ń ṣí, ẹni tó lè gbé àpò jáde, iye tó lè ná láìbèèrè. Èkejì rẹ̀ ni pé ẹni mẹ́ta ló ń pàṣẹ níbẹ̀: ẹ̀yin, bàbá àwọn ọmọ, àti àkọ́bí yín. Ẹ̀yin ti mọ́ ọn lára. Òun kò ní mọ ti ẹni tó yẹ kó ṣe. Ẹ yan ẹnì kan. Bó bá sì jágbe mọ́ àwọn alábàárù (á jágbe, ẹ má tan ara yín), ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ là á mọ́lẹ̀ fún un. Kò ní bínú. Ohun tó máa bí i nínú ni pé kó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ẹbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú òwe mẹ́rin.

Ó wá ku etí, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ìró ìbọn ogun máa ń kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140, bó sì ti dé ibẹ̀, ìró ẹ̀ẹ̀kan péré lè ba etí jẹ́. Ohùn tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ lọ: ohùn obìnrin, ohùn ọmọdé, àti “s,” “ṣ,” “f” inú ọ̀rọ̀. Á ṣì máa gbọ́ ohùn ọkùnrin tó wúwo dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tó wù ú ló ń dá lóhùn. Ẹ wá fọkàn yàwòrán rẹ̀ ní àdúgbò wa. Ọmọdébìnrin kúnlẹ̀ kí i láti ẹ̀yìn, kò wẹ̀yìn. Ìyá alákàrà ní ẹ káàárọ̀, ó kọjá lọ. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ní ṣọ́jà yẹn ń gbéra ga, tàbí pé orí rẹ̀ ti yí. Ẹ tètè sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n yí sí iwájú rẹ̀ kí wọ́n tó kí i, kó lè rí ẹnu wọn. Kí wọ́n má pariwo. Ariwo kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yéni sí i, ṣe ló ń lọ́ ọ po. Ẹ má gbé tábìlì rẹ̀ sítòsí ẹ̀rọ ìlọta. Etí bẹ́ẹ̀ tún lè máa hó fúnra rẹ̀, á sì le jù nígbà tí gbogbo ibi bá pa rọ́rọ́, ìyẹn lóru, lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ fẹ́ fi í sí.

Bí ẹ bá fẹ́ jí i, ẹ dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn kí ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó bá ń fi sódàbì wá oorun, ẹ sọ fún un pé ọtí ń gbé èèyàn sùn lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń jí i láàárín òru. Bí àlá burúkú àti ìfòyà bá kọjá oṣù kan, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Jacquot ní Kútọnu. Àdúrà lè máa lọ pẹ̀lú rẹ̀, àdúrà kò dí dókítà lọ́wọ́.

Àwọn àgbà tó ń fajú ro bí wọ́n bá gbọ́ “ṣọ́jà,” ẹ má dá wọn lẹ́bi. Nígbà ogun 1914 sí 1918, Faransé fipá kó àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun, ọ̀pọ̀ ará Kétu, Ṣábẹ àti Ọ̀họ̀rí sì sọdá ibodè lọ sí Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tirẹ̀ tó ń bèèrè owó wọn. Òfin Faransé ọdún 1959 wá so owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ṣẹ́ kù mọ́ ojú kan. Ọdún 2011 ló tó bá ti Faransé dọ́gba, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà ní sàréè. Ìran tó rí ìyẹn kò lè ka ìwé ṣọ́jà sí nǹkan gidi.

Síbẹ̀, kó tọ́jú ìwé rẹ̀ o. Ibi orúkọ ló ti ń bàjẹ́: Adesina nínú ìwé ìbí, Adechina nínú ìwé ológun, Adechinan lọ́dọ̀ ANIP, àjọ tó ń ṣe ìwé ìdánimọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́ lè torí lẹ́tà kan ṣoṣo pẹ́. Kó mú gbogbo rẹ̀ bára mu nísinsìnyí. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìdána nìkan ni wọ́n ṣe tí wọn ò dé méérì (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀), òfin ọdún 2004 kò kà á sí ìgbéyàwó, opó lè wá máa sáré kiri lọ́jọ́ iwájú.

Ti yín náà: ẹ fún un ní ìwé iṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lófin láti ọdún 2023 ni 52,000 fráǹkì. Ẹ má sọ pé ó ti ní owó ìfẹ̀yìntì kí ẹ fi gé e kù. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àti ìjàǹbá òṣìṣẹ́. Lórí 52,000 yẹn, 1,872 ni wọ́n máa yọ lára owó tirẹ̀ fún ọjọ́ ogbó, ẹ̀yin á fi 3,328 sí i, yàtọ̀ sí owó ti ọmọ àti ti ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù 180 ló ń fúnni lówó ìfẹ̀yìntì CNSS, nítorí náà gbogbo oṣù tí ẹ bá fi falẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ti ìjàǹbá yẹn sì ni kó ká yín lára jù, níbi tí àpò 100 kílò ti ń já bọ́ láti orí òkìtì.

Ó ku ti òkú àgbà tí ẹ fẹ́ sin lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọdẹ máa yin ṣakabùlà, ó sì tọ́ kí wọ́n yìn ín. Ẹ sọ fún un láti Ọjọ́bọ̀ pé wọ́n máa yìn ín, ẹ sọ aago rẹ̀ àti ibi tí wọ́n máa dúró sí. Kó fúnra rẹ̀ yan ibi tó máa jókòó. Bó bá ní òun ò wá, ẹ gbé oúnjẹ tirẹ̀ pamọ́ fún un.

Èmi àbúrò yín.