Iye ìbò ni kí a wò, kì í ṣe káàdì ẹgbẹ́

Olóòtú,

Ẹnu àwa amòfin Yorùbá ní Àbújá kò kò lórí bóyá ẹni tó ti ṣòṣèlú rí lè wọ aṣọ adájọ́. Kí àwọn tó ní èèwọ̀ ni wo Roman Herzog ará Jámánì ná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ni, ní Berlin, lẹ́yìn náà ní Speyer. Ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú CDU ní 1970. Nígbà tó fi máa di 1980, òun ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, tó túmọ̀ sí ọ̀gá ọlọ́pàá. Òun ló ní kí wọ́n máa gba owó iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́ àwọn tó bá wọ́de láìgbàṣẹ. Ní 1983, wọ́n fi í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wọn, ní Karlsruhe. Ta ni kò ní fura? Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún 1985, ẹ̀ka tó ń darí nílé ẹjọ́ náà ló dá ẹjọ́ Brokdorf, lórí ìwọ́de tí wọ́n fòfin dè nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì: nítorí pé àwọn díẹ̀ lè da ìlú rú, ìjọba kò lè torí ẹ̀ fòfin de ìwọ́de gbogbo èrò.

Ìwà Herzog nìkan kọ́ ló ṣe é. Adájọ́ 16 ló wà níbẹ̀, mẹ́jọ mẹ́jọ ní ẹ̀ka méjì. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì méjèèjì ń yan ìdajì ìdajì, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò sì ni ẹni náà gbọ́dọ̀ ní. Alátakò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìyẹn ni pé aláriwo ẹgbẹ́ kì í sábà kọjá. Ọdún 12 ni sáà, kò sí àtúnyàn, ẹni tó bá sì pé 68 á relé. Adájọ́ kò lè di ipò ìjọba mú, àmọ́ ó lè máa kọ́ni nípa òfin ní yunifásítì.

Ó ní ibi tó ti ń jò. Ní oṣù keje 2025, ọjọ́ ìdìbò gan-an ni wọ́n fagi lé ìdìbò fún adájọ́ mẹ́ta, torí ẹnì kan tí apá kan nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba kò fẹ́. Bákan náà, kò sí ohun tó ní kí adájọ́ má wá ipò lẹ́yìn náà. Herzog fúnra rẹ̀ di Ààrẹ ní 1994, CDU ló fà á kalẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn.

Tiwa ńkọ́? NJC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, á dábàá ẹni tó máa di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Ààrẹ á fi orúkọ ránṣẹ́, àwọn sẹ́nétọ̀ tó bá ti ju ìdajì lọ lára àwọn tó dìbò á fọwọ́ sí i, ó sì di ìgbà tó bá pé ẹni 70 ọdún kó tó relé. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè dá a ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ Teslim Elias, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Yunifásítì Èkó tó ti ṣe mínísítà ìdájọ́, di adájọ́ àgbà ní 1972, kò sì sẹ́ni tó lè pè é ní ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ kankan.

Ẹ̀yin tó ń kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìwé òfin, abala 231, tó sọ bí a ṣe ń yan àwọn adájọ́ yìí, ni kí ẹ dojú kọ: ẹ ní kí ìbò náà di ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Amòfin kan,
Garki, Àbújá