Áńpìlífáyà àkópọ̀: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó rà á

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí áńpìlífáyà àkópọ̀, èyí tí wọ́n kó áńpìlífáyà, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, àti ẹ̀rọ tó ń gba orin láti íntánẹ́ẹ̀tì jọ sínú àpótí kan, mo sì gbà pẹ̀lú òǹkọ̀wé yín lórí púpọ̀ nínú ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ló fi dá ẹ̀rọ náà lẹ́jọ́, kò fẹnu ba bí yóò ṣe rí bó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èmi ti jìyà.

Ọdún 21 ni mo fi lo ẹ̀rọ ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀: áńpìlífáyà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ CD lọ́tọ̀, rédíò lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń yí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, pẹ̀lú àpótí pẹlẹbẹ kan tó ń gbé ohùn abẹ́rẹ́ rẹ̀ sókè. Wáyà ẹ̀yìn wọn lọ́ mọ́ra bí ìfun. Ohun tó sú mi jù ni ariwo kan tó ń hùn lábẹ́ orin bí oyin inú ihò igi, tó jẹ́ pé bí orin bá dákẹ́ ni a tó ń gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á: bí ẹ̀rọ méjì, tí wáyà tó ń darí iná lọ sínú ilẹ̀ wà lára kọ̀ọ̀kan wọn, bá tún fi wáyà orin so mọ́ra, iná mànàmáná díẹ̀ a máa yípo láàárín wọn, a sì bọ́ sínú sípíkà. Alẹ́ kan wà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, tí mò ń yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹyọ kan. Ọjọ́ tí mo so àpótí kan ṣoṣo mọ́ iná ni ariwo náà dákẹ́.

Àwọn tó ń sọ pé àpótí kékeré kò lè lágbára ń fi ojú àtijọ́ wò ó. Áńpìlífáyà mi àtijọ́ ń sọ nǹkan bí ìdajì iná tó ń jẹ di ooru. Irú tí wọ́n ń pè ní Class D, tó wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí tuntun wọ̀nyí, lè sọ bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún di agbára tí sípíkà ń lò. Mo gbé ọwọ́ lé orí tèmi lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Lóòótọ́, wáàtì 100 ni mo fi sílẹ̀ bọ́ sí 50, ṣùgbọ́n decibel 3 péré, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó, ni ìyàtọ̀ wọn, etí tó bá mọ̀ ọ́n níbi tí a kì í ti í yí ohùn dé òpin, ó kú iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ni àyà mi já sí, nítorí pé iná rẹ̀ kéré jọjọ: nǹkan bíi mílífóltì 5 ló ń mú wá nígbà tí ẹ̀rọ CD ń mú fóltì 2 wá. Àpótí mi ní ihò tirẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in.

Àpótí tí mò ń yìn yìí kọ́ ni àkọ́kọ́ tí mo rà. Ti àkọ́kọ́ dùn létí bákan náà, àmọ́ bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀, ti ohùn. Gbogbo ìyókù, títí kan yíyàn láàárín CD àti íntánẹ́ẹ̀tì, inú áàpù orí fóònù ló wà. Ní ọdún karùn-ún, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ̀wé pé àwọn kò ní tún áàpù náà ṣe mọ́. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, fóònù mi gba àtúnṣe tuntun, áàpù náà kò sì ṣí mọ́. Áńpìlífáyà inú rẹ̀ kò ní àrùn kankan, ẹ̀rọ CD tí mo so mọ́ ọn ń yí àwo rẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀nà láti sọ fún àpótí náà pé CD ni kó gbọ́. Nígbà tí áńpìlífáyà mi àtijọ́ ṣàìsàn, oníṣẹ́ ẹ̀rọ pààrọ̀ kàpásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná, mẹ́rin nínú rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Irin ìjórin kò lè tún áàpù ṣe.

Àwo CD tí wọ́n tà ní 1982 ṣì ń kọrin lónìí, áńpìlífáyà dáadáa sì lè lo ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni apá tó ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, ẹ̀mí kọ̀ǹpútà kì í sì í gùn. Bó bá kú, kò yẹ kí áńpìlífáyà di abọ́bakú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn àpótí kejì ni mo kọ́kọ́ wò: ihò fún wáyà orin lásán, ihò HDMI tí a fi ń so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, àti rìmóòtù tí a lè fi yan ohun tí a fẹ́ gbọ́ láìsí fóònù. Mo ní kí ẹni tó ń tà á yọ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó so ẹ̀rọ CD mọ́ ọn. Orin jáde. Bí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ bá kú lọ́la, àpótí kékeré mìíràn ni n ó so mọ́ ihò yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo tún ń padà sí nìyẹn, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, nígbà tí òǹkọ̀wé yín bá tún yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, kí ó kọ iye ọdún tí ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí pé àwọn yóò fi máa tún áàpù rẹ̀ ṣe, kí ó sì yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún odindi ọjọ́ kan, kí ó wá sọ ohun tó ṣì lè ṣe fún wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín