Lẹ́tà sí Àkànní lórí igi ìrókò ilé bàbá àgbà

Àkànní ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o. Ṣé dáadáa ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà?

Férémù ìlẹ̀kùn ilé bàbá àgbà tí o fẹ́ fi ṣe ọ̀pá sínúkà, igi ìrókò gidi ni. Àmọ́ ìdí ọ̀pá, ibi tí ọwọ́ ń dì mú, nìkan ni kí o fi ṣe. Iwájú tó ń gbá bọ́ọ̀lù kì í ju mílímítà 13 lọ lẹ́nu, ìlà ara ìrókò sì máa ń lọ́ mọ́ra wọn. Tó bá tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, wíwọ́ ni yóò wọ́. Igi maple líle tí ìlà rẹ̀ tọ́ ni kí o rà fún iwájú.

Má tíì fọwọ́ kan ayùn. Ọ̀dà ilé àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà fi omi rin ín kí o tó ha á, má fi iná jó o, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi mágínẹ́ẹ̀tì wá ìṣó tó já sínú igi. Òkúta inú ìrókò ni mágínẹ́ẹ̀tì kò lè rí: ẹfun líle tí igi fúnra rẹ̀ kó jọ ni. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá kú lójijì, òun ni o kàn. Gé ibẹ̀ sọnù. Bo imú rẹ dáadáa, torí eruku ìrókò máa ń mú ni sín, ó sì ń yún ara.

Àwọn èèyàn rò pé igi tó ti pẹ́ nínú ilé kò lè wọ́ mọ́. Irọ́ ni. Bí o bá ti là á, agbára tó dì sínú rẹ̀ yóò tú, igi á sì tẹ̀. Là á sí ínṣì 1½ níbùú àti nínípọn, kí o máa fi ẹ̀rọ léètì tó ń yí igi gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, mílímítà kan sí méjì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, so ó rọ̀ lóòró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tó bá ṣì ń tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kẹta, má lò ó, bó ti wù kí ó dára lójú tó.

Mo fẹ́ kí o gbẹ́ àárín rẹ̀ náà. Lu ihò ínṣì ¾ já a, kí o ti ọ̀pá maple tó tọ́ bọ̀ ọ́ kí ó má baà tẹ̀. Fi acetone, omi tó ń fọ òróró kúrò, nu inú ihò, torí òróró ara ìrókò kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Gọ́ọ̀mù epoxy tí kì í tètè gan ni kí o lò. Fa ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sára maple náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ tó há sísàlẹ̀ yóò ti ọ̀pá padà tàbí kó la igi.

Ìrókò kò wúwo púpọ̀. Kí gbogbo ọ̀pá lè wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 540, o lè nílò bóòtù irin gíráàmù 60 sí 90 ní ìsàlẹ̀ ìdí. Wọ̀n ọ́n kí o tó fi rọ́bà dé e.

Bí o bá yọ ìṣó tán, kọ gígùn igi tó mọ́ ránṣẹ́ sí mi kí o tó là á.

Èmi ni bàbá rẹ.