Sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tí Ẹ Ń Ṣe Fíìmù Lókè Òkun

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa, tó mọ eré ṣe, tí ojú rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là, bínú kúrò nídìí fíìmù kan ní Los Angeles nítorí pé ìran kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Ó ní òun ò filé sílẹ̀ wá ṣe ìyá aláìlórúkọ. Láti ìgbà náà, kò débi tí wọ́n ti ń yan òṣèré mọ́. Ó ní ó ti pẹ́ jù fún òun. Ẹni ọdún 27!

Ó pẹ́ ju kí ni lọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òṣèré kan tó ń jẹ́ Maria Ouspenskaya fún yín. Ìlú Tula nílẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí ní 1876. Orin ló kọ́kọ́ kọ́ ní Warsaw, kó tó yà sídìí tíátà, tó sì di ọmọ ẹgbẹ́ Konstantin Stanislavski, olùkọ́ eré tó lókìkí, ní Moscow Art Theatre, ẹgbẹ́ tíátà ńlá kan ní Rọ́ṣíà. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà wá ṣeré ní New York ní 1923, ó ti lé lẹ́ni ọdún 46. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ó dúró. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, síbẹ̀ ó ń kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní eré, òun àti Richard Boleslavski tí wọ́n jọ wá láti ẹgbẹ́ Moscow yẹn, ní ilé-ẹ̀kọ́ eré tí wọ́n ń pè ní American Laboratory Theatre. Lee Strasberg àti Stella Adler, tí àwọn náà wá di olùkọ́ eré ńlá, wà lára àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní 1929 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún kí Hollywood tó mọ̀ ọ́n. Fíìmù Dodsworth ni, ti 1936, ìran kan ló sì ní níbẹ̀.

Mo rí ìran yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ tíátà ní New York, lóru ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo àdúgbò. Mo ti ń tòògbé. Obìnrin kékeré kan wọlé, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀. Ìyá ni, ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ fẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà kan tó dàgbà jù ú lọ. Kò pariwo, kò ju apá. Ó kàn jẹ́ kó yé obìnrin náà, pẹ̀lú sùúrù tó dunni ju ìbínú lọ, pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti ọmọ òun, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí sì wà níbẹ̀. Oorun dá lójú mi. Kí n tó mọ̀, ó ti tán, kò sì tún padà wá. Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń dìde, tí mò ń jókòó, tí mò ń dìde, tí mò ń jókòó nínú yàrá mi, tí mò ń wá bó ṣe gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ lórí àga yẹn. N kò rí i mú. Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ ni jíjókòó?

Ipa kékeré yẹn ni wọ́n torí rẹ̀ yàn án mọ́ àwọn tó ń díje fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar, lọ́dún àkọ́kọ́ gan-an tí wọ́n dá ẹ̀ka òṣèré alátìlẹ́yìn sílẹ̀. Gale Sondergaard ló gbà á. Wọ́n tún yàn án nítorí Love Affair ti 1939, Hattie McDaniel gbà á. Ṣé ó wá tìlẹ̀kùn mọ́rí?

Ẹ̀yin ọmọ yìí, inú ń bí mi! Ẹ ń ka ìṣẹ́jú tí ojú yín fi yọ bí ìgbà téèyàn ń ka owó àjọ. Ta ní rán yín níṣẹ́ kíkà? Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ yín sórí. Ẹ tètè débi iṣẹ́.

Ohùn ilé Rọ́ṣíà kò kúrò lẹ́nu Ouspenskaya. Òótọ́ ni pé ó há a mọ́ ipa àgbà àjèjì: ayaba Íńdíà nínú The Rains Came, olùkọ́ oníjó nínú Waterloo Bridge, Maleva, arúgbó ẹ̀yà Roma, nínú The Wolf Man ti 1941. Kò dára bẹ́ẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo Maleva. Fíìmù abàmì, irú èyí tí ẹlòmíràn á fọwọ́ hẹ, ó sì dúró ti òkú níbẹ̀ bí ẹni tó ń sin ọmọ tirẹ̀. Ẹ má bó ohùn yín dànù nítorí pé ẹnì kan fi ṣẹ̀sín.

Ẹ tún gbọ́ èyí, bó tilẹ̀ jọ pé kò bá ọ̀rọ̀ mu. Sìgá ló mú lọ́wọ́ tó fi sùn lọ, iná jó o, ó sì kú ní December 1949. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu nǹkan yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀ yín.

Ẹ má sì dúró de ìpè fíìmù nìkan. Ìgbà tó dé Hollywood náà, kò ṣíwọ́ ẹ̀kọ́ kíkọ́ni.

Bí wọ́n bá ti fún yín ní ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe gbólóhùn méjì, ẹ mú un wá sílé mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. A ó jọ kà á.

Èmi ni,
Màmá yín