Sí Olóòtú: Ọ̀pá ẹ̀yìn náà ń hewú

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà lásìkò tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó yìí. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ gbé sójú ewé ìlera yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n mú bírò, ibi tí ẹ ti sọ pé ẹni tí síkáànì bá ti fi hàn pé dísìkì ẹ̀yìn rẹ̀ (tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn) ti ń gbó, kó tètè lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kó tó rọ. Ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yẹn le jù, àwọn tó bà lẹ́rù á pọ̀ ju àwọn tó ràn lọ́wọ́ lọ, èmi náà ti wà lára àwọn tó bà lẹ́rù rí.

Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn, ẹni ọdún 54, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì. Lọ́dún tó kọjá a lọ sí ìkómọ nílé àbúrò ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ tán mi ò lè dìde mọ́. Màmá rò pé àdúrà ni mò ń dúró gbà, ni wọ́n bá ń wúre lọ, "wà á rọ́mọ gbé jó, ara ẹ á le koko," èmi ń ṣe àmín, omi ń bọ́ lójú mi, àwọn tó wà níbẹ̀ ní àdúrà ló wọ̀ mí lára. Ìgbà tí ọkọ mi máa fi fura, orúnkún mi ti kú. Ìrora yẹn gbéra láti ìbàdí, ó gba ìdí wọ ẹ̀yìn itan, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù, bí ìgbà tí wáyà NEPA já lé èèyàn lára.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí n lọ ya MRI, síkáànì tó ń fi òòfà ya inú ara, owó àjọ tí mo fẹ́ fi ra aṣọ ọlọ́pọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù ló bá a lọ. Nígbà tí ìwé ẹ̀ jáde, èdè òyìnbó kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, degeneration níhìn-ín, bulge lọ́hùn-ún, ìyẹn dísìkì tó wú síta, L4/L5, L5/S1, orúkọ àwọn oríkèé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn nìyẹn. Dókítà ò fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi o, kò ní kí n gbẹ́sẹ̀ sókè, ìwé yẹn ló ń wò, ó ní àfi kí àwọn fi síkúrúù de eegun méjì pọ̀, ó sì dárúkọ iye tí màá san. Mo délé, mo wo ìtumọ̀ degeneration lórí fóònù, ohun tí mo rí ò yàtọ̀ sí jíjẹrà, ni mo bá sunkún, alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà han àkọ́bí mi.

Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ fisió, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, nílùú ọba, òun ló pè mí lórí WhatsApp tí mo ka ìwé yẹn sí i létí. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín, inú bí mi. Ó ní, "Big mummy, ẹ jọ̀ọ́, ewú mélòó ló wà lórí yín?" Mo ní kí lèyí ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Ó ní ọ̀pá ẹ̀yìn náà ń hewú ni, ó wá ń sọ ìwádìí kan fún mi tó jáde lọ́dún 2015, wọ́n kó ìwádìí 33 jọ, èèyàn 3,110 tí ẹ̀yìn ò dùn rárá, tí wọ́n wo inú ẹ̀yìn wọn lórí síkáànì. Nínú 100 ọmọ ogún ọdún, 37 ni dísìkì ẹ̀ ti ń gbó. Tó bá di àádọ́ta ọdún, ó ti di 80, àwọn tó ti pé ọgọ́rin ọdún di 96. Bulge tí wọ́n kọ sí tèmi yẹn, 60 nínú 100 ẹni àádọ́ta ọdún ló ní in, wọ́n ń rìn, wọ́n ń jó lóde, wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ẹ wò ó, tí wọ́n bá to gbogbo ẹgbẹ́ wa tó ń ró aṣọ ẹbí sórí ìlà kí wọ́n ya síkáànì fún wa, ṣé gbogbo wa náà ni wọ́n máa de ní síkúrúù?

Bí ọ̀rọ̀ dísìkì yìí ṣe wá yé mi nìyí. Tìmùtìmù tó wà láàárín eegun kan sí ìkejì ni, 23 ló wà lẹ́yìn ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹ̀kọ tútù tí wọ́n dì sínú ewé eéran, inú ẹ̀ rọ̀, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, ewé ló dì í mú. Tó bá di ọjọ́ kẹta, omi inú ẹ̀ á máa gbẹ, ẹ̀kọ á súnkì, ewé náà á máa sán. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn wọnú dísìkì àgbàlagbà, ara eegun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ loúnjẹ ti ń yọ́ wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ògbólógbòó ẹ̀ kì í fi í padà di tuntun. Tí ewé bá wá ya, tí ẹ̀kọ yọrí síta tó lọ ta lé iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sẹ́sẹ̀, sàyátíkà dé nìyẹn. Dókítà méjì ní Boston, Mixter àti Barr, ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1934, látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ láti yọ èyí tó bá yọrí. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ara fúnra ẹ̀ máa ń jẹ ẹ̀kọ tó jáde yẹn, èyí tó tiẹ̀ já kúrò lára ewé pátápátá ló sábà máa ń súnkì jù.

Máṣíìnì mi ni mo ti ń bú látọjọ́ yìí o, pé òun ló jẹ mí lẹ́yìn. Wọ́n ní ní Finland wọ́n wo ìbejì 115, ìyẹn èèyàn 230, ọkùnrin ni gbogbo wọn, àwọn ìbejì tó jọra bí ìmùmù, wọ́n wo ẹni tó ṣiṣẹ́ agbára àti èkejì ẹ̀ tó jókòó sọ́fíìsì, iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n, ohun tí wọ́n jọ bá wáyé nínú ẹbí kan náà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá mi ò rán aṣọ rí láyé ẹ̀, ẹ̀yìn ló ń dun òun náà títí ó fi kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti daru gan-an, ẹ̀yin olóòtú, ni pé ẹ kó iṣẹ́ abẹ méjì pọ̀ bíi pé ọ̀kan ni wọ́n. Èyí tí wọ́n fi ń yọ ohun tó ta lé iṣan ẹsẹ̀, tiẹ̀ yàtọ̀. Ní Holland lọ́dún 2007, wọ́n pín èèyàn 283 tí sàyátíkà ti ń dà láàmú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá sọ́nà méjì, wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n ní kí apá kejì ṣì ní sùúrù. Àwọn tí wọ́n là ni ìrora ẹsẹ̀ kọ́kọ́ lọ fún, ìyẹn dájú, nínú àwọn tó ń ṣe sùúrù náà 39 nínú 100 padà wá ṣe é, àmọ́ nígbà tí ọdún kan fi pé, 95 nínú 100 ló ní ara àwọn ti yá lápá méjèèjì. Ti Canada tó jáde ní 2020 tún wá yàtọ̀ díẹ̀, àwọn èèyàn 128 tí tiwọn ti lé ní oṣù mẹ́rin ni wọ́n wò, níbẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló sàn fún jù. Ìyẹn ni pé ó ní ìgbà tí sùúrù dáa, ó sì ní ìgbà tí ó tó gẹ́ẹ́.

Síkúrúù tí wọ́n fi ń de eegun pọ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn lásán, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2005 wọ́n fi wé eré ìdárayá tó le àti ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe lè máa gbé pẹ̀lú ìrora, èèyàn 349, wọn ò rí i kó fi bẹ́ẹ̀ dáa jù ú lọ. Èmi wáá fẹ́ lọ ta ilẹ̀ nítorí ẹ̀!

Ti àwọn tó ń polówó lórí rédíò pé àgbo àwọn ń hu dísìkì tuntun, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Òyìnbó náà ti gbìyànjú oríṣiríṣi nǹkan lórí dísìkì, ọ̀kan tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, oje ìbẹ́pẹ ni wọ́n yọ nǹkan kan lára ẹ̀ tí wọ́n ń gún sínú dísìkì kó lè yọ́ ọ, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1982, ó ran àwọn kan lọ́wọ́ o, àmọ́ ara àwọn míì kọ̀ ọ́ burúkú, àwọn míì rọ lápá ẹsẹ̀, nígbà tó di 2003 wọn ò tà á mọ́ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ má lọ gún ìbẹ́pẹ mẹ́yìn o, ẹ jẹ ẹ́ lẹ́nu. Dísìkì onírin tún wà, obìnrin kan tó gba góòlù nínú eré jìmínásíìkì ní Munich lọ́dún 1972, Karin Janz, ló di dókítà tó sì wà lára àwọn tó ṣe é ní Berlin, 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí èèyàn lára. Ẹni tó fi ara jó tó bẹ́ẹ̀ ló mọ ohun tí ẹ̀yìn ń ṣe. Stem cell, ìyẹn irúgbìn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ara, táwọn kan ń gba mílíọ̀nù lé lórí báyìí, wọ́n ti dán an wò lára èèyàn tó lé ní 400, èsì tó jáde ní 2021 ò débi tí wọ́n fojú sí.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn tó ń ka síkáànì máa kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé báyìí báyìí ló ṣe wọ́pọ̀ tó lára ẹgbẹ́ ẹ tí ẹ̀yìn ò dùn. Wọ́n ti ṣe é wò ní Amẹ́ríkà, lórí èèyàn tó lé ní 250,000, mi ò ní parọ́, kò dín ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà kù, oògùn ìrora tó lágbára ló kàn dín kù díẹ̀. Àmọ́ nílùú tí a ti ń ra tramadol bí ẹni ra gúgúrú, díẹ̀ yẹn ò kéré lójú tèmi. Á sì gba ẹlòmíì lọ́wọ́ irú alẹ́ tí mo fi wá ìwé ilẹ̀ yẹn.

Tèmi gba oṣù mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ti fi mí sílẹ̀, ẹ̀yìn ṣì máa ń rán mi létí tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mo ra mọ́tò sí máṣíìnì, tí mo bá ti ran apá búbà kan tán màá dìde rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mú ìkejì, àwọn kọ́sítọ́mà ti mọ̀, wọ́n á ní Ìyá Télọ̀ tún ti lọ ṣọ́ ìta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lẹ́tà ńlá tẹ èyí bí ẹ ṣe tẹ tọjọ́sí: ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí ìdí ẹ̀ àti àárín itan ẹ̀ wá kú, tí ìtọ̀ ò jáde tàbí tó ń dà sára láìmọ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, kó má dúró de sùúrù tí mò ń sọ yìí, kó má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, torí wákàtí ni wọ́n fi ń ka tìyẹn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Télọ̀, Ìbàdàn.